Aṣojú Kò Gbà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì lè kí ọ tán kí n tó sọ ọ́. Nínú lẹ́tà rẹ tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní o rí àkọsílẹ̀ ìpàdé afárá tí ìjọba wa bá ìjọba òdìkejì odò ṣe nínú àwọn fáìlì àtijọ́ tí wọ́n kó wá fún ọ, o sì rí nọ́mbà méje, nọ́mbà taipù mi, nísàlẹ̀ rẹ̀. O ní inú rẹ dùn débi pé o pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kí wọ́n wá wo nọ́mbà ìyá rẹ. O ní ìwé yẹn ni o gbé odindi abala kẹrin ìwé rẹ kà. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, gbé e kúrò níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn kọ́ ni bàbá tó ṣe aṣojú ìjọba wa níbẹ̀ sọ. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí mò ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Gbogbo ayé ń pè é ní Bàbá Kò-Gbà, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, bàbá náà kò sọ pé òun kò gbà.

Wàyí o, báwo ni ara? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dẹwọ́? Nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, egungun ọrùn rẹ ti yọ síta. O ní ibi iṣẹ́ lo gbé jókòó sí yẹn, mo wo orí tábìlì títí, ìwé, ìwé, ife kọfí, n kò rí àwo oúnjẹ kankan. Èèyàn kì í jẹ ìwé yó. Àbúrò rẹ ń kí ọ. Ó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba méjì, wọ́n ní kó máa retí. Orí àga mi ló ti ń retí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tìmùtìmù ti mọ ìdí rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ. Mo ń gbàdúrà fún ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó jókòó jù àti ẹni tí kì í jókòó jẹun.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, oúnjẹ ni n ó máa bi ọ́ títí owó á fi tán. Ìwé ni mo fi bà á jẹ́, jẹ́ kí n fi ìwé tún un ṣe.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú onítìmùtìmù. Ara mi le. Mò ń jẹun, abẹ́ tábìlì ni mo gbé àwo náà pamọ́ sí kó má baà hàn nínú fọ́tò.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi ni pé bí ẹnì kan bá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ìjọba kan pẹ̀lú ìjọba mìíràn, kí n kọ́kọ́ béèrè pé ẹgbẹ́ ta ló wà, àti pé kí ni yóò rí jẹ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé yìí, ẹgbẹ́ òṣèlú Bàbá wa ló wà lórí àga. Lónìí, ẹgbẹ́ Bàbá Kò-Gbà ló gun àga náà. Àbúrò mi ń wá iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀yin wá dédé rántí, lẹ́yìn ogójì ọdún, pé bàbá náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Tí kì í bá ṣe ìyá mi ni, kí lẹ rò pé mo máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Ta ló wá bá yín sọ̀rọ̀, Màmá? Ṣé wọ́n ní iṣẹ́ àbúrò mi wà lábẹ́ rẹ̀ ni?

Ẹ sì gbàgbé nǹkan kan. Ọwọ́ bàbá náà wà nísàlẹ̀ ìwé ọ̀hún. Ó fọwọ́ sí i. Bí kì í bá ṣe ohun tó sọ, kí ló ń fọwọ́ sí? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà sọ pé abala kẹrin yẹn ló dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi, nítorí pé kì í ṣe ìròyìn ẹlẹ́nu-dídùn, ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ìparí oṣù Kẹfà ni yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ sì mọ ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo bi yín pé kí ló dé tí n kò mọ ojú ẹ̀gbọ́n yín, Màmá Òdìkejì, tó jẹ́ pé odò kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ẹ̀ ń fọ abọ́. Ẹ ní, “Bàbá kan ló ti afárá, wọ́n ń pè é ní Kò-Gbà.” Ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́rin bí ẹni pé ó máa rọ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wá bá mi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àbúrò rẹ kò sí lábẹ́ nǹkan kan, ibi tó wà gan-an la ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tí mo rò ó, mo rí i pé ìbéèrè rẹ tọ̀nà. Ìwọ béèrè ẹgbẹ́ tí mo wà lónìí. Ì bá dára ká ní ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Àwa mẹ́jọ la wà nínú yàrá taipù ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ògiri ló dojú kọ. Kálukú ní nọ́mbà tí yóò tẹ̀ sísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. A ní ọ̀gá kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Kókó, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀: “Kókó ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má kọ ìtàn fún mi.” Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, o gbọ́dọ̀ mú un wá sí ìlà kan. Ẹni tó bá kọ ìlà méjì, yóò tún un tẹ̀. A kì í purọ́ níbẹ̀. Gígé là ń gé. Kò sì sí ẹni tó sọ fún wa pé ibi tí èèyàn bá fi ọ̀bẹ sí ni ọkàn rẹ̀ wà.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn tó. Ìwé ìpolówó wọn kún ìdí ibùsùn wa. Ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́ lórí oúnjẹ pé àwọn ẹgbẹ́ kejì kò fẹ́ kí ìlú tòrò, pé torí kí àwọn èèyàn lè pa ẹnu mọ́ ni ìjọba fi fún ọ̀kan lára wọn ní iṣẹ́ aṣojú. Mo lọ sí ìpàdé náà pẹ̀lú ìyẹn létí. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni pé kí ọmọ ogun òdìkejì máa bá tiwa ṣọ́ afárá, kí géètì rẹ̀ lè wà ní ṣíṣí. Kí bàbá náà tó la ẹnu ni mo ti mọ ohun tí yóò sọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó parí, mo wá kókó rẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Aṣojú kò gbà. Ọ̀gá Kókó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó ní, “Nọ́mbà méje, o ti ń gbọ́n.” Inú mi dùn lọ sílé.

Èyí ni mo rántí. N kò ní bébà kankan láti fi hàn ọ́. Ààrò ni wọ́n ń da ìwé pẹ́ńsùlù wa sí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bí bàbá náà bá ṣì wà láyé, n ó lọ bá a. Wọ́n ní ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìgbèríko ìlú.

Wọ aṣọ tó nípọn. Fèsì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú àìsùn ọ̀rọ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín fún ti lẹ́tà tó kọjá, bí mo ṣe kọ ọ́ kò dára. Ṣùgbọ́n n kò lè ya abala kẹrin sọnù nítorí ìrántí ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyá mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: mo ní ìwé, mo ní ọwọ́ tó fi sí i.

Bí ẹ bá rí bàbá náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lẹ sọ lọ́jọ́ náà? Ẹ má sọ tiyín kó tó sọ tirẹ̀. Ẹ kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, n ó gbà á.

Iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀. Mò ń jẹun o.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti lọ. Ì bá sàn kí n má lọ.

Àjà kejì ni wọ́n ń gbé. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní kí n má pẹ́, pé ó tètè máa ń rẹ bàbá. Bàbá náà jókòó ti rédíò, ó ti gbẹ, etí rẹ̀ nìkan ló tóbi. Ó ní, “Ta nìyẹn?”

Mo ní, “Nọ́mbà méje ni, sà. Láti yàrá taipù.”

Ó pa rédíò náà. Ó ní, “Ìwọ lo máa ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù tí gbogbo ilẹ̀ á kún fún èèpo. Jókòó. Ṣé o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ sọ lọ́jọ́ ìpàdé afárá?”

Ọmọ mi, bàbá náà gbéra. Èèyàn tí wọ́n ní ó tètè ń rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ògiri. Ìwé ìròyìn kan wà níbẹ̀ nínú gíláàsì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹni Tí Kò Ta Ilẹ̀ Wa. Ọdún tó kọjá ni ìjọba tuntun yìí fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ó ní, “Mo dìde. Mo fọwọ́ lu tábìlì báyìí. Mo ní, n kò gbà. Kí ọmọ ogun yín má dé etí afárá wa. N kò gbà.” Ó lu apá àga, ife tíì fò.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò dìde. Ẹ ò fọwọ́ lu nǹkan kan. Ọjọ́ méje lẹ ní kí wọ́n fún yín.”

Ọmọ rẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wá kí bàbá ni àbí ẹ wá bá wọn jà?”

Mo ní mo wá tọrọ àforíjì ni. Bàbá náà ní, “Àforíjì kẹ̀? Ìwé rẹ ló sọ mí dèèyàn.” Ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ bu omi gbígbóná sí tíì. Nígbà tó lọ tán, ó fà mí lọ́wọ́ sún mọ́ra, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó ní, “Nọ́mbà méje, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń ju òkúta sórí òrùlé mi nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Ìyàwó mi kò lè lọ ra iyọ̀. Ní báyìí wọ́n ń tìtorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà bọ́ fìlà fún mi. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kí lo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

Mo mu tíì náà, n kò mọ bó ṣe dùn. Wọ́n ní irọ́ lè rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ti rin ogójì. Òótọ́ ti darúgbó, orúnkún ń dùn ún.

Wò ó, mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, àti èyí tó sọ sókè àti èyí tó sọ sí mi létí. Ọmọ mi, kí lo rò?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo fi tiyín han ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kà á títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní nígbà tí ẹgbẹ́ kan ń bú bàbá yìí, ìwé náà bá wọn lára mu. Nígbà tí ẹgbẹ́ kejì ń yìn ín, ó tún bá wọn lára mu. Nítorí náà kò sí ẹni tó ní ìdí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní èmi nìkan ni n ó pinnu. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Ìwé wà, ọwọ́ bàbá náà wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yín, àti ohun tó sọ sí yín létí tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ló dúró sí òdìkejì. Bí mo bá kọ tiyín, wọ́n á ní ìyá mi ni nọ́mbà méje, pé mò ń ṣègbè fún un. Bí n kò bá kọ ọ́, mo ti mọ̀.

Àti pé, Màmá, ohun tí n kò lè sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n nìyí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń bínú sí bàbá yẹn. Inú bíbí yẹn ni mo fi kàwé, òun ni mo fi la òtútù ibí kọjá. Màmá Òdìkejì kú lọ́dún kẹsàn-án tí géètì afárá ti wà ní títì, ẹ kò lè lọ sin ẹ̀gbọ́n yín. Tí kì í bá ṣe bàbá yìí ló ti afárá, ta ló tì í? Kí ló dé tó fọwọ́ sí ohun tí kò sọ?

N kò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

O bi mí ní nǹkan méjì. N ó kọ́kọ́ dáhùn èkejì, nítorí òun ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá rẹ pàápàá kú láìgbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ìpàdé ni mo gbé ìwé náà lọ fún bàbá náà kó fọwọ́ sí i. Ó ń palẹ̀ àpótí rẹ̀ mọ́, mọ́tò ń dúró dè é nísàlẹ̀. Ó nawọ́ gba bírò. Mo ní, “Sà, ẹ ò ní kà á?” Ó ní, “Ìwọ lo kọ ọ́. O jókòó sẹ́yìn mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, o ò mu omi. Kí ni mo tún fẹ́ kà?” Ó fọwọ́ sí i lórí ìdérí àpótí. Mo dúpẹ́, mo sì gbé e lọ. Ǹ bá ti dá a dúró. Mo mọ̀ nígbà náà gan-an pé ìlà yẹn kúrú jù. Mo sọ fún ara mi pé ó yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èkíní wá. Àwọn tó ti òdìkejì wá jókòó bá wa kò láṣẹ. Àwọn tó láṣẹ wà nílé wọn, ìwé tiwa ni wọ́n retí, òun sì ni wọ́n kà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí géètì fi tì. Ìwé ìròyìn ní bàbá náà ló tì í, bàbá rẹ sì kà á sókè fún mi lórí oúnjẹ. Mo ní, “Ẹ ò rí i?” Èmi ni mo ní ẹ ò rí i. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá sí etí odò lápá tiwọn ní ọjọ́ ìsinmi, a máa ń ju ọwọ́ síra wa, omi kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa. Nígbà tó yá, n kò rí i mọ́, mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bóyá géètì yóò tì síbẹ̀ ká ní mo kọ ọ́ dáadáa, n kò mọ̀, àwọn alágbára ní ìdí tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ń fọwọ́ fa aṣọ mi tí o bi mí pé ta ló tì í, mo mọ ẹni tó yẹ kí n dárúkọ, mo sì dárúkọ ẹlòmíràn fún ọmọ ọdún méje. Inú bíbí tí o gbé dé ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo dì í lẹ́rù fún ọ.

Ohun tí bàbá náà sọ nìyí, bó ṣe kù sí mi lórí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹnu aṣọ nù ún. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, n kò lè fọwọ́ sí i lónìí. Èmi kì í gbé etí odò, ẹ̀yin náà kì í gbé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ méje lọ bi àwọn tí wọ́n ń gba orí afárá yìí lọ kí ìyá wọn. Bí wọ́n bá ní kò burú, èmi fúnra mi ni n ó gbé bírò wá.” Ó tún sọ̀rọ̀ nípa ìgbà òjò àti nípa àwọn ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ìyẹn ti ń parẹ́ mọ́ mi, n kò fẹ́ fi tèmi kún un.

Ọmọ mi, mo ti rò ó títí: ọ̀rọ̀ tó dára jù tí bàbá yẹn sọ láyé rẹ̀ ni mo gé dànù. Òun náà ti gbà pé kò tó nǹkan, pé gíláàsì ara ògiri yẹn sàn jù ú lọ. Ó ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jà nínú mi, nítorí mo ti ṣe ohun tó wù mí sí i lẹ́ẹ̀kan láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ dúró dìgbà tó bá sùn, n kò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n èmi náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ta ló mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sùn.

Má gbà mí gbọ́ nítorí pé ìyá rẹ ni mí. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ ní òun gé e, pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àga nígbà náà, pé kò ní ẹ̀rí kankan, pé ọmọ tirẹ̀ ló sì ń kọ ìwé yìí. Kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kà á fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mo ti fọwọ́ sí bébà kan tó sọ bẹ́ẹ̀, mo sì fi í mọ́ lẹ́tà yìí, lọ́yà tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa ló ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ara yín lẹ fi sùn yìí?” Mo ní mo mọ̀.

Ìparí oṣù ti sún mọ́lé. Ojoojúmọ́ ni mò ń jáde lọ wo àpótí lẹ́tà ní aago mẹ́wàá, àbúrò rẹ ní bí mo ṣe ń yọjú yẹn, apínlẹ́tà á máa gba ibòmíràn. N kò bẹ̀rù ohun tí àwọn tó máa ka ìwé rẹ yóò pè mí. Ìwọ ni mò ń rò, bí o ṣe máa rí mi láti òní lọ. Bí o bá ń bínú, fi ìbínú náà kọ ọ́, n ó kà á. Ṣùgbọ́n má dákẹ́ fún mi bí odò yẹn. Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ.